Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì fún ìgbà díẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè: ẹ ka ìwé kí ẹ tó di ẹrù

“Àǹtí, orílẹ̀-èdè wo ló dáa jù?” Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn. Èmi náà á sì bi wọ́n: oṣù mélòó lẹ fẹ́ lò níbẹ̀, kí lẹ sì fẹ́ mú bọ̀? Ẹni tó ń wá owó tó máa fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àti ẹni tó kàn fẹ́ rìn kó rí ayé, ọ̀nà wọn ò pa pọ̀. Tí ọjọ́ tí ẹ máa padà ò bá tíì yé yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ físà sinmi ná.

Iṣẹ́ ìtọ́jú yàrá ni mo fi wọ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní housekeeping. Dubai ni mo ti ṣe é dé ipò súpáfáísọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ ṣe iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní erékùṣù kan ní Gíríìsì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti fọ balùwẹ̀ àlejò ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ta físà, mi ò sì mọ ẹni tó ń tà á. Ohun tó sì dá mi lójú jù ni pé ìgbà tí ẹ bá ń fọwọ́ síwèé ni èrè iṣẹ́ yìí ti ń wọlé tàbí tó ń bọ́ sọnù. Kò sí bí ọwọ́ ẹni ṣe lè yá tó lẹ́nu iṣẹ́ tó máa tún ìwé àdéhùn tó wọ́ ṣe.

Àwọn ọ̀nà tó wà

Ní Yúróòpù, iṣẹ́ ìgbà ló pọ̀ jù. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ní Gíríìsì, Sípírọ́ọ̀sì àti erékùṣù Sípéènì máa ń ṣí láti nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọ́n á sì tì ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Àwọn ti orí òkè yìnyín, ní Austria àti Faransé, láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹrin ni tiwọn. Òfin European Union kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014, nọ́ḿbà rẹ̀ ni 2014/36/EU, tó dá lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà tó ń ti ìta Yúróòpù wá. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan iye oṣù tó fẹ́ fún wọn, láti 5 dé 9 láàárín oṣù 12. Denmark àti Ireland ò sí lábẹ́ òfin yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kìíní ni kí ẹ ti máa fi ìwé ránṣẹ́, torí ìwé àṣẹ iṣẹ́ kì í yára jáde. Tí oòrùn bá ti ràn, wọ́n ti gba èèyàn tán.

Amẹ́ríkà ní físà J-1, ti ìkọ́ṣẹ́ ni. Ẹni tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, tàbí tó jáde tí kò tíì pé oṣù 12, ló ń lọ gẹ́gẹ́ bí intern. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tó sì ti fi ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, tàbí tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún 5 láìní ìwé ẹ̀rí, trainee ni. Ní ti òtẹ́ẹ̀lì, oṣù 12 ni òpin fún àwọn méjèèjì. Ìwé kan wà tó ń jẹ́ DS-7002, ẹ kà á láti òkè délẹ̀, torí inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ yín sí. Tí ìkọ́ṣẹ́ náà bá tó oṣù 6, ó kéré tán, ẹ̀ka 3 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yín yí ká. Òtẹ́ẹ̀lì tó bá ní kí ẹ máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló ń wá. Ẹ pe àjọ tó ṣe onígbọ̀wọ́ yín, tí wọ́n ń pè ní sponsor, kí ẹ sì ka ohun tó wà nínú DS-7002 fún wọn. H-2B tún wà fún iṣẹ́ ìgbà tí kò ní ìkọ́ṣẹ́ nínú, ṣùgbọ́n 66,000 ni wọ́n fi pààlà sí lọ́dún, agbanisíṣẹ́ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín “ra” H-2B, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Àwọn ìlú etí Gulf, bíi Dubai, Abu Dhabi àti Doha, àdéhùn ọdún 2 ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ibùgbé, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ àti oúnjẹ lẹ́nu iṣẹ́ sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìjọba ò sì ń yọ owó orí lára owó oṣù. Ibẹ̀ ni mo máa ń júwe fún ẹni tó fẹ́ kówó jọ. Ẹni tó fẹ́ràn òmìnira, kó lọ sí Yúróòpù.

Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ náà, òtẹ́ẹ̀lì tó ń rìn lórí omi ni. Àdéhùn rẹ̀ máa ń tó oṣù 6 sí 9, ojoojúmọ́ lẹ sì máa ṣiṣẹ́. Mi ò bá wọn ṣe é rí, nítorí náà mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀.

Ta ló yẹ kó sanwó?

Agbanisíṣẹ́ ni. Àdéhùn àgbáyé nọ́ḿbà 181 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní ọdún 1997 ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó ń báni wáṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ tààrà tàbí gba ẹ̀bùrú, àfi ibi tí ìjọba bá dìídì yọ̀ǹda díẹ̀. Òfin iṣẹ́ United Arab Emirates (UAE), orílẹ̀-èdè tí Dubai àti Abu Dhabi wà, ti ọdún 2021 kọ̀ ọ́ fún agbanisíṣẹ́ láti gba owó ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní Kánádà, kí agbanisíṣẹ́ tó mú yín wọlé lórí ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba LMIA, ìwé ìjọba tó fún un láyè láti mú òṣìṣẹ́ òkèèrè wá. 1,000 dọ́là Kánádà ni owó rẹ̀ lórí ipò kan, òun ló ń san án, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ padà lára yín. Lórí ọkọ̀ ojú omi, MLC, òfin àgbáyé ti àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi, ti ọdún 2006 ní kí òṣìṣẹ́ san owó ìwé ìlera, ìwé òṣìṣẹ́ ojú omi àti ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Owó físà, ti ọlọ́kọ̀ ni. J-1 ló yàtọ̀ díẹ̀: sponsor máa ń gba owó ètò, ìjọba Amẹ́ríkà náà sì ń gba 220 dọ́là fún SEVIS, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé fún ẹ̀kọ́ tàbí ìkọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó wọ̀nyí ní rìsíìtì, wọ́n sì ní ojú ewé tí ẹ ti lè kà wọ́n fúnra yín.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ san “owó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò” tàbí “owó ìdájú yàrá”, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta “físà iṣẹ́ ìgbà ní òtẹ́ẹ̀lì” fún ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oko èso, ewébẹ̀ àti òdòdó, àti iṣẹ́ adìyẹ nígbà tí Kérésìmesì bá ń sún mọ́lé, ni físà iṣẹ́ ìgbà ti ibẹ̀ wà fún.

Bí lẹ́tà iṣẹ́ bá dé, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa wo àdírẹ́sì í-meèlì tó ti wá. Marriott, Hilton, Accor, Hyatt, kálukú wọn ló ní ojú ewé iṣẹ́ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; lẹ́tà tó bá ti orí Gmail wọlé lórúkọ wọn ti tú àṣírí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa wá nọ́ḿbà òtẹ́ẹ̀lì náà lórí ojú ewé tiwọn, mi ò ní lo èyí tó wà nínú lẹ́tà. Mo máa pè, mo máa ní kí wọ́n so mí pọ̀ mọ́ HR, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mo sì máa ka orúkọ ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà náà sí wọn létí. Mo ti bá àbúrò ọ̀rẹ́ mi ṣe é rí. Òtẹ́ẹ̀lì náà wà lóòótọ́, máníjà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n HR ní àwọn ò gba ẹnikẹ́ni sí ipò yẹn. Éjẹ́ǹtì tó mú lẹ́tà náà wá pa fóònù rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ sì má gbọ́ “ẹ fi físà ìbẹ̀wò wá ná, a máa yí i padà tẹ́ ẹ bá dé.” Ẹni tó ń fi físà ìbẹ̀wò ṣiṣẹ́ ti rú òfin láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Bí wọn ò bá sanwó fún un, ẹnu wo ló fẹ́ fi ké?

Bí mo ṣe ń ka ìwé àdéhùn

Bírò pupa ni mo máa ń mú. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ ń wá ni owó oṣù gan-an, tí wọ́n ń pè ní basic. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀, inú wọn á dùn, wọ́n á fọwọ́ síwèé. Bẹ́ẹ̀, basic ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tó kù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ìwé méjì wà níwájú yín ní Dubai, 1,800 dírámù lóṣù ni àpapọ̀ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní basic jẹ́ 1,000, àfikún jẹ́ 800. Èkejì ní basic jẹ́ 1,800 gbáko. Òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ó kéré tán ọdún kan ní owó ìparí iṣẹ́, owó basic ọjọ́ 21 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún 5 àkọ́kọ́. Ọdún 2 jẹ́ ọjọ́ 42. Ẹni àkọ́kọ́ á gba 1,400, ẹni kejì á gba 2,520. Iṣẹ́ kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n jọ wọ̀.

Ofátáìmù náà, orí basic ló jókòó lé. Wákàtí 8 lóòjọ́, 48 lọ́sẹ̀, ni òfin UAE. Ohun tó bá lé, wọ́n á san án pẹ̀lú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀; tó bá bọ́ sáàárín aago 10 alẹ́ sí aago 4 ìdájí, ó di ìdá 50, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ shift ò sí lára àwọn tí ìdá 50 yìí kàn. Òtẹ́ẹ̀lì rèé, shift ni gbogbo wa ń ṣe! Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ òru tàn yín láìjẹ́ pé iye rẹ̀ wà nínú ìwé.

Ní Qatar, òfin ti fi ìsàlẹ̀ sí i láti oṣù kẹta ọdún 2021: owó oṣù ò gbọ́dọ̀ kéré sí 1,000 ríyàlì, bí agbanisíṣẹ́ ò bá sì fúnni nílé àti oúnjẹ, kó fi 500 kún un fún ilé, kó fi 300 kún un fún oúnjẹ. Àbúrò kan fi ìwé kan hàn mí tí wọ́n kọ 1,800 sí, ó ní wọ́n fẹ́ràn òun. Mo ní kó ṣe ìṣirò: 1,000, 500, 300. Ìsàlẹ̀ pátápátá tí òfin gbà ni wọ́n fún un.

Lẹ́yìn owó, wákàtí. Ẹ béèrè bóyá split shift wà. Nínú ilé oúnjẹ ló pọ̀ sí: ẹ máa ṣe aago 6 sí 10 àárọ̀, ẹ máa padà wá ṣe aago 6 sí 10 alẹ́. Nínú ìwé, wákàtí 8 péré ni. Bí ibùgbé òṣìṣẹ́ bá jìnnà, tí bọ́ọ̀sì ò sì lọ lọ́sàn-án, orí àga kan nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ lẹ máa ti sùn. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, “Bọ́ọ̀sì mélòó ló ń lọ lójúmọ́, aago mélòó?” Ẹni tó bá ń fi ọ̀wọ̀ gba òṣìṣẹ́ á dá yín lóhùn.

Ibùgbé: èèyàn mélòó nínú yàrá kan, ṣé wọ́n ń yọ owó omi àti iná? Lábẹ́ òfin Yúróòpù tí mo dárúkọ lókè, bí agbanisíṣẹ́ bá fún yín nílé, owó ilé náà ò gbọ́dọ̀ pọ̀ kọjá ààlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń wọlé fún yín, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dédé máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé tó sọ àdéhùn ilé náà. Ìwé yìí ni mo béèrè ní Gíríìsì kí n tó tú ẹrù mi.

Ìwé ọkọ̀ òfuurufú: ta ló ń san ti àlọ, ta ló ń san ti àbọ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé? Ìgbà ìdánwò: ní UAE, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 6 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò láàárín rẹ̀ láti fi ìlú sílẹ̀, ọjọ́ 14 ni ìfitónilétí. Bí ó bá jẹ́ pé òtẹ́ẹ̀lì míì níbẹ̀ lẹ fẹ́ lọ, oṣù kan ni.

Ìwé ìrìnnà yín, ọwọ́ yín ni kó wà. UAE fòfin de kí agbanisíṣẹ́ gba á mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ní Qatar, àfi tí ẹ bá fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n bá yín tọ́jú rẹ̀; nítorí náà, ẹ wo gbogbo ìwé kéékèèké tí wọ́n bá kó síwájú yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, kí ẹ má lọ fọwọ́ sí irú rẹ̀ láìmọ̀. Bí HR bá nílò rẹ̀ fún físà, ẹ fún wọn, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á, ẹ sì béèrè ọjọ́ tó máa padà.

Típì àti service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú tí wọ́n ń fi kún owó àlejò, ẹ má fi wọ́n kún ìṣirò. Wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ. Oṣù tí àlejò bá wọ́n, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Èyí ò le tó bí ẹ ṣe rò. CV olójú ewé kan tó, kí iye yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí wà nínú rẹ̀, kí iye yàrá tí ẹ ń tọ́jú lójúmọ́ wà níbẹ̀, kí orúkọ ẹ̀rọ tí ẹ mọ̀ ọ́n lò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ Opera, tí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì fi ń gba àlejò wọlé, ẹ kọ ọ́ sókè, má fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì rí, kó kọ iṣẹ́ tó ti ní kó dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí tàbí kó bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀.

Wọ́n máa bi yín pé, “Àlejò ní wọn ò tún yàrá òun ṣe, kí lẹ máa ṣe?” Ẹ má ròyìn bí ẹ ò ṣe jẹ̀bi. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ béèrè ìgbà tó rọrùn fún un, ẹ sọ fún súpáfáísọ̀, ẹ padà lọ wò ó. Bó ṣe tò nìyẹn.

Ọjọ́ iṣẹ́ nínú yàrá

Yàrá 14 sí 16 ló wọ́pọ̀ lójúmọ́ fún olùtọ́jú yàrá kan ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ẹ pín in: wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480, bí yàrá bá jẹ́ 16, ìṣẹ́jú 30 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò tíì yọ oúnjẹ ọ̀sán, a ò tíì yọ kíkó ẹrù sórí tirọ́lì. Yàrá tí àlejò ṣì ń gbé lè gba ìṣẹ́jú 20. Èyí tí àlejò ti kó jáde lè gba 40, pàápàá bí ọmọdé bá sùn níbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní ìwé iṣẹ́ láàárọ̀, iye àwọn tó ń lọ lónìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ẹ má wo àpapọ̀. Bí ẹ bá rí i pé 12 nínú 16 ló ń kó jáde, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ lọ bá súpáfáísọ̀. Ẹni tó bá dúró di aago 3 kó tó sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ló ń rò.

Lórí ìwé náà, VD ni yàrá tó ṣófo tó sì dọ̀tí, VC ni èyí tó ṣófo tó ti mọ́. OD, àlejò wà nínú rẹ̀, ẹ ò tíì tún un ṣe. OC, ẹ ti tún un ṣe. DND, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ àwọn lẹ́nu. OOO, nǹkan bàjẹ́ níbẹ̀, wọn ò lè tà á.

Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ pe “Housekeeping”, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ ṣe é dé ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó fi káàdì ṣílẹ̀kùn. Ẹ ṣí kọ́tìnì, ẹ tan gbogbo iná kí ẹ lè mọ èyí tó ti kú. Ẹ kó ìdọ̀tí àti aṣọ ibùsùn, ṣùgbọ́n ẹ gbọn aṣọ náà dáadáa kó tó kúrò lọ́wọ́ yín: fóònù, yẹtí, eyín àtọwọ́dá, gbogbo wọn ni mo ti bá nínú aṣọ tó fẹ́ lọ sí ibi ìfọṣọ. Kí ẹ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ lọ da oògùn sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìwẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń parí ní aago 4 àti ẹni tó ń parí ní aago 6 kò ju èyí lọ.

Bẹ́ẹ̀dì: ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Ẹ parí apá kan pátá kí ẹ tó yí sí èkejì, ẹ má máa sáré yípo. Igun aṣọ, ẹ ká a ní ìwọ̀n dígíríì 45 kó le gírígírí. Ọdún kan péré ni ẹ̀yìn máa fi gbọ́ tiyín bí ẹ bá ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú apá nìkan. Mo rí àwọn tó le jù mí lọ tí wọ́n padà sílé nítorí ẹ̀yìn.

Eruku, láti ẹnu ọ̀nà, ẹ yí yàrá ká títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀. Balùwẹ̀ tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ló kẹ́yìn, ẹ fà á láti inú wá sí ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró lójú ọ̀nà kí ẹ wò ó bí àlejò ṣe máa kọ́kọ́ rí i. Súpáfáísọ̀ náà, ibẹ̀ ló ń dúró sí; èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, igo oògùn ìmọ́tótó Taski lẹ máa bá: R1 fún balùwẹ̀, R2 fún ojú ibi gbogbo, R3 fún dígí, R4 fún àga àti tábìlì, R5 fún òórùn, R6 fún inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má po oògùn méjì pọ̀ láé. Bíríìṣì àti oògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì, tí wọ́n bá pàdé, èéfín olóró ni wọ́n ń mú jáde, nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Àkísà sì ní àwọ̀ tí wọ́n yàn fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ ti òtẹ́ẹ̀lì yín lọ́jọ́ kìíní, torí kò bára mu níbi gbogbo. Táwẹ̀lì àlejò kì í nu gíláàsì, kódà bí kò bá sẹ́ni tó ń wò.

Ohun tí ẹ bá rí tí àlejò gbàgbé, ẹ pe ọ́fíìsì lójú ẹsẹ̀ láti inú yàrá yẹn, ẹ sọ nọ́ḿbà yàrá àti àkókò, ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi sí àpò “kí n tó sọ̀ kalẹ̀”. Kámẹ́rà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìtàn gígùn kò sì wúlò níwájú ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bó ṣe yẹ. Àwọn àlejò kan wà tí wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn láìwọṣọ, tàbí tí wọ́n máa ní kí ẹ wá jókòó. Ẹ fi tirọ́lì dí ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ jáde, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ pe ọ̀gá, kí ẹni méjì padà lọ. Kò sí súpáfáísọ̀ gidi tó máa bá yín wí nítorí èyí. Ní Seattle, àwọn ará ìlú dìbò ní ọdún 2016 pé kí òtẹ́ẹ̀lì fún olùtọ́jú yàrá ní bọ́tìnnì pàjáwìrì. Chicago ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2017. Ẹ béèrè bóyá tiyín ní in.

Ní àwọn ẹ̀ka tó kù, mi ò ní pẹ́. Ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ mọ àwọn ohun 14 tí òfin ní kí wọ́n kéde nínú oúnjẹ nítorí àwọn tí ara wọn ò gbà á, bí ẹ̀pà, ẹyin, wàrà àti ẹja. Bí àlejò bá béèrè tí ẹ ò mọ̀, ẹ lọ béèrè ní kíṣìnnì. “Mo rò pé kò sí” lè pa èèyàn. Resẹ́pṣọ̀n dùn lójú, ṣùgbọ́n ìdúró ni gbogbo rẹ̀, ìbínú àlejò tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ pẹ́ sì ń kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ òru níbẹ̀ ni mo máa ń gbà ẹni tó fẹ́ kàwé níyànjú: lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ìṣirò ọjọ́, ó máa ń dákẹ́.

Owó àti ibùgbé

Ẹ ra bàtà dúdú tí kì í yọ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ ti wọ̀ ọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ àpótí yín nínú yàrá òṣìṣẹ́, láìfi ti bí àwọn ará yàrá ṣe dáa tó pè. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni kí ẹ fi èyí tí ẹ fẹ́ kó jọ ránṣẹ́, kí ìyókù tó di ìnáwó. Ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú pé iye báyìí lẹ máa fi ránṣẹ́ lóṣù, kò ní pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn le láti sọ, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sàn ju kí ẹ máa sọ ọ́ lóṣooṣù lọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo payslip, ẹ máa kọ wákàtí yín sílẹ̀ fúnra yín sínú fóònù.

Ìpadàbọ̀

Oṣù 2 kó tó pé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ lórí ìwé tó ní orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, kí ipò yín, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí wà nínú rẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá yín kó tó kúrò; nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀gá kì í pẹ́ níbì kan, ẹni tuntun ò sì mọ̀ yín.

Ní UAE, ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti san gbogbo ẹ̀tọ́ yín: owó ìparí iṣẹ́, owó ìsinmi tí ẹ ò lò, owó oṣù tó kù. Wọ́n máa fún yín ní ìwé ìfagilé físà láti fọwọ́ sí, ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ pé ẹ ti gba gbogbo owó yín. Ẹ rí i pé owó náà ti wọ báńkì kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ san gbèsè báńkì àti ti ìlà fóònù tán, torí gbèsè lè dá èèyàn dúró ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹ̀yin ti Yúróòpù, kí òtẹ́ẹ̀lì tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọdún náà ni kí ẹ lọ bá máníjà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ padà wá. Òfin 2014 yẹn ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú ìpadàwọlé rọrùn fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìgbà níbẹ̀ láàárín ọdún 5 sẹ́yìn tó sì pa òfin mọ́. Ibòmíì, físà rẹ̀ á yára, ibòmíì, wọ́n á kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí tó fi hàn pé ẹ jáde lásìkò, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀.